Fèrèsé Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, ní Ìpẹru,
ojú Tísà Odùfúwà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi.
Àgbọ̀n lọ́tọ̀,
fìlà lọ́tọ̀,
iwájú orí di igun mẹ́rin aláwọ̀ ewé,
ẹ̀rín rẹ̀ há sí ìsàlẹ̀, níbi tí aago máa ń wà.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.
Ó ní, "Ṣé báyìí lẹ máa gbé e sínú ìwé ìsìnkú?"
Mo ní, "Rárá o, Mà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège."
Ó tẹjú mọ́ ọn.
"Ó jọ ọ́, ṣá.
Bó ṣe rí lórí bẹ́ẹ̀dì ní Sàgámù nìyẹn."

Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án.
Mo nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.
Fáànù rẹ̀ ń kùn bí oyin inú agolo.
Mo fẹ̀sùn kan Nẹ́pà.
Mo fẹ̀sùn kan jẹnẹrétọ̀ Alájì tó wà lẹ́yìn odi.
Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀sùn kan òkú.

Ni mo bá pe Gbùyì ní Sábó,
ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn báńkì.
Kò kí mi. Ó ní, "Fèrèsé mélòó lo ṣí?"
Mo kà wọ́n. Ojú tì mí.
Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n:
iye owó sìmẹ́ǹtì,
bọ́ọ̀lù àná, tí wọ́n ti nà wá tán,
bí a ṣe ń sin ẹja àrọ̀ nínú ike,
ilẹ̀ tí mi ò lówó rẹ̀ lójú ọ̀nà Ògèrè,
ọmọbìnrin kan tí a jọ ka ìwé mẹ́fà ní Ìkẹ́nnẹ́,
tó ti lọ́kọ sí Kánádà.
Ìyókù, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣí wọn.

Gbùyì ní, "Yàrá kan, ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan ò jáde.
Ibo lo fẹ́ kí olóògbé jókòó sí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n.
Sìmẹ́ǹtì, ó dìgbà.
Ẹja, ó dàbọ̀.
Ní ti ọmọbìnrin yẹn, ọwọ́ mi dúró díẹ̀.
Mo tì í.

Síbẹ̀, ojú Tísà ò pé.
"Wọnú ètò rẹ̀ lọ," Gbùyì wí.
"Wàá rí ibi tí wọ́n ti ní kí káàdì àwòrán máa bá a sáré.
Káàdì tìẹ ti darúgbó.
A kì í pe ẹni tí orúnkún ń dùn sí eré ìje.
Pa á. Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

Mo pa á. Mo ṣí fèrèsé kan ṣoṣo.
Àwòrán náà ń bọ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀,
bí àgbàlagbà tó ń sọ àtẹ̀gùn tí kò fẹ́ ṣubú:
fìlà, iwájú orí, ojú,
àpá kékeré ẹ̀bá imú, tí mi ò tiẹ̀ rí tẹ́lẹ̀.

Màmá dìde. "Òun nìyẹn."
Ó fọwọ́ kan gíláàsì.
"Ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín,
bí orí èèyàn bá kún, ibo ni wọ́n ti ń tì í?
Látàárọ̀ ni mo ti ń wá orúkọ ìlú tó ti ń kọ́ni nígbà tó kọ́kọ́ rí mi.
Mo rántí àwọ̀ ṣòkòtò rẹ̀.
Mo rántí gbèsè oníbúrẹ́dì.
Orúkọ ìlú ò wá."

Fóònù wà lórí tábìlì, Gbùyì gbọ́ ọ.
Ó dákẹ́, owó mi ń jó.
Ó ní, "Ẹ kú àfẹ́kù, Mà.
Mi ò tíì tún irú ìyẹn ṣe rí."

A fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.
Aago mẹ́fà ku díẹ̀, ó pè mí láti inú ọkọ̀:
"Òde Rẹ́mọ ni!"
Lẹ́yìn náà, "Àbí Ìsarà?"
Mo tẹ Òde Rẹ́mọ.
Mo fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì.