Àpótí fún Èyí Tí Kò Lọ́dún

Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìkàwé wa ní Võru,
a ò rí adágún mọ́, a ò rí ọ̀nà Tartu.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọfí mi ti tutù.
Wọ́n ní kí n ṣe asẹ́ síbi tí àwọn èèyàn ti ń wá ìwé,
kí ẹni tó wá ẹja má baà kó òkúta relé.

Raivo ń darí mi lórí fóònù láti Tallinn,
ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu bó ti ń sọ̀rọ̀:
“Fa èdè wá síbí. Fa ọdún tẹ̀ lé e.
Ṣé èyí tí à ń kà ni, àbí èyí tí à ń gbọ́?
Ṣé ó wà nílé, àbí ẹnì kan ti yá a lọ?
Tẹ̀ ẹ́. Ó parí.”

Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ìwé rọ́ gììrì sójú kan.
Mo fàmì sí èdè, wọ́n dín.
Mo fàmì sí ọdún, wọ́n tún dín.
Mo fàmì sí Ó Wà Nílé, ó ku méje,
wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ fẹ́ kà.
Kí n má purọ́, inú mi dùn.
Ẹni tó ti gbálẹ̀ rí ló mọ adùn ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà náà ni Heldur wọlé,
ó ń gbọn yìnyín kúrò ní bàtà,
èéfín àti ìda oyin ń rùn lára ẹ̀wù rẹ̀.
Ìwé kan ló ń wá, lórí oyin sínsìn,
ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó ti ya.
Bàbá rẹ̀ ló ya àwòrán ilé oyin tó wà lójú ewé kẹsàn-án.
Èdè Võro ni wọ́n fi kọ ọ́,
èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá àwọn oyin sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá kú nílé.

Mo wá Võro nínú asẹ́ tuntun mi.
Abẹ́ Àwọn Èdè Mìíràn ni mo ti bá a,
òun àti Látìn àti èdè Japan,
bí àlejò mẹ́ta tí a fún ní àga kan.
Mo kọ oyin. Mo fa ọdún gùn, láti ayé bàbá ńlá wa títí dòní.
Kò sí ohun tó jọ ọ́.

“Ó wà,” ni Heldur wí. “Mo ti fọwọ́ kàn án rí.”

Mo bá a lọ sídìí pẹpẹ.
Ó wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri, eruku bò ó.
Mo ṣí ewé àkọ́kọ́: orúkọ ìlú wà,
orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà,
ọdún kò sí.
Bóyá ogun ni, bóyá ìgbàgbé.
Asẹ́ mi bi í léèrè ọdún tó dáyé,
ìwé ò fèsì,
asẹ́ dà á nù.

Mo pe Raivo padà. “Mélòó ni wọ́n?”
“Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀.”
“Wọn ò tó nǹkan.”
“Kí ló wá tó nǹkan?”
Mo gbọ́ tó dẹ́kun jíjẹ.

Ó di alẹ́ kí n tó parí rẹ̀.
Võro ti kúrò lára àlejò, ó ti ní ìlà tirẹ̀,
mọ́kànlélógójì péré.
Nísàlẹ̀ ọdún, àpótí kékeré kan wà báyìí: Kò Lọ́dún.
Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ ẹ́.

Heldur dá ìwé padà lọ́sẹ̀ kejì.
Ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọdún sí ewé àkọ́kọ́,
pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀.
Òfin ní kí n pa á rẹ́.
Ìrésà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lápá òsì.