Ogún Ojú Abẹ́rẹ́

Mo mọ gbogbo ṣáláńgá láti Kubwa dé Wuse:
èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì,
mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń yá mi ní búta láì bèèrè orúkọ,
ilé epo tí ọmọkùnrin ibẹ̀ ń pè mí ní Màmá Kíákíá.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì,
Odò Ọya, Bẹ́núè, ibi tí wọ́n ti pàdé.
Odò ti ara mi ni n kò mọ ìgbà tí yóò kún.

Kí n ṣáà ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ìtọ̀ á gbọ̀n mí;
kí n tó yí i, itan mi ti tutù.

Wọ́n fún mi lóògùn. Mo lò ó fún oṣù márùn-ún.
Ẹnu mi gbẹ bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́.
Itọ́ ló dá dúró, kò dá ìtọ̀ dúró,
àfi bí ẹni pé ẹni tó pò ó kò mọ àmì ohùn.

Ìbídùn bímọ ní Kàdúná. Mo ní orúnkún ń dùn mí.
Irọ́ ni. Ta ni yóò jókòó nínú rélùwéè fún wákàtí méjì,
kó máa ṣọ́ ilé ìtọ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku?

Dókítà Rahila ní Gwagwalada kò ṣe mí ní pẹ̀lẹ́.
Ó ní, "Àpò ìtọ̀ yín kò bàjẹ́, Màmá. Ìwàǹwára ló ń ṣe é.
Abẹ́rẹ́ yìí á ní kó rọra.
Ó lè rọra jù; bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa fi rọ́bà tín-ín-rín fà á fúnra yín.
Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwà rẹ̀ á padà,
ẹ̀yin náà ẹ padà wá."
Rọ́bà yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi kọ́. Ojú tì mí títí, ó sú ojú.
Mo rí inú ara mi lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré,
pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣan tó yà bí ọ̀nà lórí máàpù.
Nọ́ọ̀sì Talatu ń ka abẹ́rẹ́ ní Haúsá: daya, biyu, uku;
èmi ń kà á ní Yorùbá, mo di eyín.
A pàdé ní ogún, bí omi ṣe ń pàdé ní Lọ́kọ́ja.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Mo dúró.
Ilẹ̀kùn nìkan ló ṣí.

Ní Kàdúná, Ìbídùn gbé ọmọ lé mi nítan.
Kò pẹ́, itan mi tutù.
Mo dákẹ́. Mo yẹ ara mi wò, mo yẹ ọmọ wò.
Òun ni.