Iná Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé,
òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Òtútù Middlesbrough bá mi rìn láti ibùdókọ̀,
ó bá mi wọlé, ó fẹ́ bá mi jókòó.
Mo rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, Ànjọlá.
Mo ní ọmọ yìí ń kàwé.
Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìwé kọ́ lò ń kà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni o ò jẹun kánú,
mo ní ìrẹsì àná ni kò wù ọ́.
O ta bàtà bọ́ọ̀lù rẹ fún Kacper, ọmọ Pólàńdì ilé kejì,
mo ní ẹsẹ̀ rẹ ló ti tóbi jù ú.
Ẹni tó ń fi òru tọ́jú ìyá oníyàá,
ojú oorun ló fi ń wo ọmọ tirẹ̀.

O ṣí ilẹ̀kùn. O ò sọ̀rọ̀. O na fóònù sí mi
bí ẹni na ọwọ́ tí ejò bù jẹ.

Ọmọbìnrin kan ni, o ní. Ó ní Stockton lòun ń gbé,
ó ní òun náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.
Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní kí o dá tìrẹ padà.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọbìnrin ti di ọkùnrin:
igba pọ́n-ùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo kíláàsì á rí i,
pásítọ̀ á rí i, ìyá rẹ á rí i.
O san ọgọ́ta. Ó ní ó kù.
O san owó bàtà. Ó ní ó kù.

Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀.
Láàárín Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń halẹ̀ mọ́ ọ
gbólóhùn kan jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín:
“Má fi mí ṣeré o, ọmọ ìyá mi.”
Èdè wa.
Èdè tí mo fi kì ọ́ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ sunkún.
Ẹnìkan níbìkan rí orúkọ rẹ, ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀,
kò sì dáwọ́ dúró.
Ọmọ ìyá wo?
Mo fẹ́ ṣépè. Ẹnu mi gbẹ.
Èpè á dúró ná. Ọmọ mi ń gbọ̀n.

O ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, mo ti ba orúkọ yín jẹ́.”
N ò ní purọ́: “Kí ló gbé ọ débẹ̀?”
ló kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu mi.
Mo gbé e mì bí egbòogi kíkorò.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì ọ́, kóòtù ò tíì kúrò lọ́rùn mi.
Ilé ni mo wò kí n tó sọ ọ́ lórúkọ.
Ẹni tí kò wolé, orúkọ wo ló lè fún ọ?
Ẹni tí wọ́n jà lólè kì í tọrọ àforíjì.

O fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní fi sílẹ̀,
ipa ẹsẹ̀ olè nìyẹn.
A ò san kọ́bọ̀ mọ́. A ò fèsì.
A pe ọlọ́pàá kí tíì tó tutù.
Obìnrin kan ló wá, Sájẹ́ǹtì Ramsdale.
Ó bọ́ fìlà, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti sùn.
Ó ní o ò jẹ̀bi. Ó tún un sọ.
Ìgbà kẹta lo tó gbójú sókè.
Ó kọ nọ́ńbà àwọn tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ lóru sílẹ̀;
ara fíríìjì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì iná.

Kò tíì tán. Lánàá fóònù dún, o fò sókè.
Kacper ni, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà dání,
ó ní kò bá òun lẹ́sẹ̀ mu.
Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ yín ò ju ara wọn lọ.
Kò gba owó.

Lálẹ́ yìí n ò lọ síṣẹ́.
Iná wà lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo kàn án.
O ní, “Ẹ wọlé.”