Ọkọ̀ Steinvör

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́ dúdú; kì í ṣe ìkíni.
Abẹ́ Lándróvà ni mò ń wò, ṣukudiráfà lọ́wọ́.
Ọ̀dà tuntun lókè. Ẹni tó bá kun àtíkè nípọn,
ọrùn rẹ̀ là á wò.
Mo kan irin lápá ọ̀tún: gbọin.
Mo kàn án lápá òsì, ṣukudiráfà wọlé wọ́ọ́rọ́
bí ìka nínú búrẹ́dì tó rẹ sómi.
Ìpáàrà ti jẹun níbí, ó jẹ yó.

“Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kó àgùntàn sọ̀ láti orí òkè,”
Steinvör wí. “Kò já mi kulẹ̀ rí.”
Ta ni? Ọkọ̀ ni, àbí ọkọ?
Atẹ́gùn òkun ń fẹ́. N kò bèèrè.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́,
lẹ́ẹ̀kẹta ó dáhùn.
Ajá arúgbó kan fò sórí ìjókòó iwájú,
ó kọjú sí títì.

Mo ṣírò: owó àtúnṣe ju owó ọkọ̀ lọ.
Mo ní, “N óò rò ó.”
Ó ní, “Má rò ó pẹ́. Yìnyín ń bọ̀.”

Mo ti dé Selfoss kí n tó mọ̀
pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ń dún lápò mi.