Bángà Oṣù Keje

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Ìnsípẹ́kítọ̀,
ẹ má bá mi tún un ṣe.
Èmi Ògúnlẹ́yẹ, kọ́pùrù tẹ́lẹ̀,
ẹ̀ṣọ́ òru ní ilé ìwọ̀n wúrà Fàtúsìn,
lọ́nà Ìmọ̀, ní Iléṣà.
Etí ọ̀tún mi kú sí Sàǹbísà.
Èyí tó kù ń gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Òjò ń rọ̀ lóru ọjọ́ náà.
Ọ̀gá ṣì wà nínú ilé, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì ka owó,
mo ń gbọ́ bó ṣe ń lá ìka
kó tó ka èyí tó tẹ̀ lé e.
Lẹ́yìn náà, nǹkan bú.

Mi ò lè ṣàlàyé èyí tó kàn.
Ẹ̀ ń bínú, ẹ̀ ń lu tábìlì,
ṣùgbọ́n ibi tí mo lọ kò sí nínú ìwé yín.
Erùpẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ wa ń jó.
Dànládì ń pe ìyá rẹ̀ ní èdè tí mi ò gbọ́,
mo dojú bolẹ̀, mo gbá orí mú,
bí mo ti ń ṣe bí táyà bá bẹ́ ní Ìsọ̀kún,
bí ọmọdé bá fẹsẹ̀ tẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.
Àdúgbò ti mọ̀ mí, wọn a máa rẹ́rìn-ín,
wọn a ní, "Ṣọ́jà tún ti lọ sógun."

Nígbà tí mo padà dé, ilẹ̀ ti ń mọ́.
Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù mi. Ọ̀bẹ mi,
èyí tí mo fi ń gé iṣu, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá.
Àpótí irin ṣí gbayawu.
Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, mo bi wọ́n léèrè.
Wọn ò dáhùn.
Fún odindi ọjọ́ kan, èmi náà gbà pé èmi ni.
Ẹni tó ti pa ènìyàn rí, ta ni yóò jẹ́rìí fún un
bí ọkàn òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti dúró?

Ibẹ̀ ni mo bá Ìnsípẹ́kítọ̀ dé.
Èyí tó kù, mi ò sọ ọ́ fún un.

Tákàdá pupa kékeré kan, etí rẹ̀ jóná,
lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi, níbi tí òjò ò dé.
Kí ọkọ̀ wọn tó yà wọlé
mo ti ká a, mo fi dí etí tó kú.
Wọ́n gbá etí ọ̀hún títí, ọwọ́ wọn ò mọ nǹkan kan.
Bángà ni. Ọmọdé ń yìn ín ní Kérésì.
Ta ló ń ṣọdún nínú òjò oṣù keje?

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, nígbà ọyẹ́,
tí a jọ ń sun iṣu lẹ́yìn ilé,
pé ariwo kan péré a máa gbà mí lọ́wọ́ ara mi,
pé bí mo bá lọ, ó máa ń tó wákàtí kan.
Adérógbà, akọ̀wé ọ̀gá.
Ó da epo sí tèmi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."
Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́: "Wákàtí kan géérégé?"
Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ,
mo ti fọwọ́ ara mi fepo para.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbírónkẹ́ àbúrò mi gbé iyán wá.
Mo fi tákàdá náà sí i lọ́wọ́ lábẹ́ abọ́.
"Lọ sí Ẹréjà. Bi àwọn tó ń ta bángà,
ta ló wá rà á nígbà tí kò sí ọdún."
Kò sunkún. Ó di ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹnu ọ̀nà ni Adérógbà ti pàdé rẹ̀,
aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀.
"Ẹ kú ìrọ́jú o." Ó na ọwọ́.
Mo rí i láti ẹ̀yìn irin:
àbúrò mi, tí ìyá wa nà títí tó fi gbàgbé òsì,
ọwọ́ òsì ló fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
Adérógbà wo òsì yẹn.
Ó wá wo ọ̀tún tó dì.