Àmì Dúdú Lójú Oòrùn

Oṣù kẹta, létí odò ní Saskatoon.
Yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ó dọ̀tí bí aṣọ mẹkáníìkì.
Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀,
òórùn oògùn ìnulẹ̀ ọsibítù ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Àdùnọlá ló fà mí wá.
Láti oṣù kọkànlá, èmi àti oòrùn
dà bí ayálégbé méjì tó ń pín bẹ́ẹ̀dì kan lò:
bó bá ti ń wọlé ni mò ń jáde,
bó bá yọ, mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí.

Wendell Pruden ló ni awò awọ̀nàjíjìn náà,
bàbá tó fi ogójì ọdún wa rélùwéè.
Ó de gíláàsì dúdú mọ́ ọn lẹ́nu,
ó yẹ ìdè rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni tó ń tilẹ̀kùn nígbà tólè wà ládùúgbò.
Mo rántí ìyá ìyá mi: “Má wojú oòrùn, ìwọ ọmọ yìí!
Ta ló wò ó rí tó rí nǹkan mìíràn wò?”

A tò. Ìyá ará Yukiréènì kan, ọmọkùnrin Kírì méjì,
ọkùnrin kan tó gbé kọfí dání tí kò mu ún.
Ó kàn mí. Mo tẹ̀ ba, mo di ojú òsì.

Òkùnkùn.
Lẹ́yìn náà ó yọ, roboto, pupa bí ẹyin iná,
ó ń hó láìpariwo.
Àmì dúdú mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
bí ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ.
“Èyí tó kéré jù yẹn,” ni Wendell wí,
“ayé wa á wọ inú ẹ̀, àyè á ṣẹ́ kù.”
Létí rẹ̀, ahọ́n iná kan nà sókè, ó tẹ̀.
Mo dúró kó mì. Kò mì.
“Ó ń mì. Ojú wa ni ò ní sùúrù.”

Èdè wa ló bọ́ lẹ́nu mi:
“Ẹ kú iṣẹ́ o.”
Ìyá tó wà lẹ́yìn mi rò pé òun ni mo kí,
ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn,
ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn ló kúrò nílé.”
Àdùnọlá ṣírò: “Dádì, ìgbà yẹn
lẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa páàkì sí, tẹ́ ẹ̀ ń kùn.”

Oorun ń fà mí lọ sílé,
oòrùn ní kí n má lọ.
Mo padà sẹ́yìn ìlà.