Owó Oníowó

Ọdún tí eyín ayùn sọ́míìlì mi ká,
mo da agbádá bora, mo lọ sí báńkì ní Yàbá.
Fadérera Akíndọlíre ni máníjà nígbà náà,
ọmọ awọn-kòkó Odòjọ̀mù,
obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí í bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì.
Ó ka ìwé mi síwájú, ó kà á sẹ́yìn,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ó ní, "Bàbá Akínlàjà, ẹ jẹ gbèsè mẹ́ta, ẹ kọ ẹyọ kan."
Mo fi pákó ìrókò mẹ́rin ránṣẹ́ sílé rẹ̀ lóru.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, pákó ti padà dé.
Ó tilẹ̀ ti san owó ọkọ̀.

Mo bú u. Ẹ má bi mí bí mo ṣe bú u.
Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, mo ní kó má padà.
Wọ́n gbé e dé orí àga ọ̀gá àgbà l'Ékòó,
àwòrán rẹ̀ wà lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà fún mi,
epo ṣàn sí i lójú,
n ò nù ún.

Sọ́míìlì di koríko.
Òun náà fẹ̀yìn tì, ó wálé.
Kò kọ́ ilé tuntun, ó kun ti baba rẹ̀ lọ́dà.
Ìwọ̀n àtijọ́ tó ti dípẹtà, ó tún un ṣe, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà:
àgbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí ìwọ̀n oníbàárà
á wá tún kòkó rẹ̀ wọ̀n níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.
Lárọ̀ọ̀ Sátidé, ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ,
kò sí pátákó, kò sí oníkámẹ́rà,
ìwé pẹlẹbẹ kan àti bírò.

Ṣíjúadé, ọmọ ọmọ mi, wọ yunifásítì l'Ákùúrẹ́.
Ẹsẹ̀ mi wúwo. Mo lọ.
Mo rò pé ó ti gbàgbé.
Kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ìrókò mẹ́rin."

Ó ní kí n pe orúkọ ọmọ náà ní lẹ́tà-lẹ́tà.
Ó kọ ọ́ tán, ó ní,
"Lọ́jọ́sí, owó oníowó ló wà lọ́wọ́ mi,
owó tíṣà, owó opó, owó àwọn tó tò sójú fèrèsé.
Eléyìí, tèmi ni.
Ẹ jẹ́ n ná an bó ṣe wù mí."

Ahọ́n mi gbẹ, n ò lè tọrọ àforíjì.
Ṣùgbọ́n pákó yẹn ṣì wà lábà, ìbínú ni mo fi tọ́jú rẹ̀,
ikán kò fẹnu kàn án.
Mo fi kan àga gbọọrọ fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Ó fọwọ́ pa á, ó bi mí ní iye rẹ̀.
Mo ní ọ̀fẹ́ ni.
Ó sanwó pé pérépéré,
ó sì ní kí n já rìsíìtì.